Ẹni tí kò gbé ìbọn ní Gásà àti ní Be'eri: kí ni ká máa pè é?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa obìnrin tó ń túmọ̀ ìròyìn fún rédíò kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé síwájú wa lọ́jọ́ Ajé ni mo fẹ́ dá sí. Ó ní ìròyìn Gásà àti Ísírẹ́lì tí wọ́n ń kó fún òun lójoojúmọ́ kún fún ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí òun kò rí ojú wọn ní Yorùbá: civilian, hostage, terrorist àti genocide. Ó ní bí òun bá tú u sí ọ̀tún, àwọn mùsùlùmí á fi àtẹ̀jíṣẹ́ bú òun. Bí òun bá tú u sí òsì, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì á gbà á lẹ́nu wọn. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn dá a lóhùn pé kó máa kọ “aláìṣẹ̀” fún ti àkọ́kọ́, kó fọkàn balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, nínú gbogbo ohun tí a ti dá lábàá látọjọ́ Ajé, “aláìṣẹ̀” yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká yanjú àwọn tó rọrùn. Ẹnì kan mú “alágbádá” wá. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ibi tó ti rí i. Ìjọba ológun lọ, ìjọba alágbádá dé, bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ ní 1999 nìyẹn. Aṣọ la fi ń dá wọn mọ̀ nígbà náà, ó sì tó fún wa. Ṣùgbọ́n èwo ni alágbádá nínú ọmọ ọdún mẹ́fà tó sùn sábẹ́ àgọ́ ní Khan Younis, ní Gásà? Aṣọ tilẹ̀ máa ń tanni. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì 1994, nínú oṣù Ramadan, dókítà kan tó ń gbé Kiryat Arba, Baruch Goldstein, gbé aṣọ sójà Ísírẹ́lì wọ̀, ó wọ mọ́ṣáláṣí Ibrahimi ní Hebron, ó yìnbọn lu àwọn tó ń kírun, ó pa èèyàn 29. Aṣọ ológun ló wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì sí ọ̀gá ológun tó rán an.

“Mẹ̀kúnnù” ńkọ́? Ìyẹn ń sọ ti owó àti ipò. Olówó tí bọ́ǹbù bá nínú ilé alájà mẹ́rin kì í ṣe mẹ̀kúnnù, kò sì gbé ìbọn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó wá ku “aláìṣẹ̀”. Ó dùn létí, ó ń mú àánú wá, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo ilé iṣẹ́ ìròyìn wa fi ń lò ó: “wọ́n pa àwọn aláìṣẹ̀”. Ẹ wo ohun tó so mọ́ra rẹ̀. Ó ní ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ pa ẹni náà ni pé kò ṣẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ pa á kò níṣẹ́ méjì ju kó wá ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í sì í wọ́n. Sheikh Yusuf al-Qaradawi, àlùfáà ọmọ Íjíbítì tó gbé Qatar, wí nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé bọ́ǹbù sára wọ inú bọ́ọ̀sì àti ilé oúnjẹ ní Ísírẹ́lì pé tọkùnrin tobìnrin ibẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ológun, nítorí náà àwùjọ ológun ni gbogbo wọn. Ọmọdé tó dúró lórí ìlà níwájú ilé ijó Dolphinarium ní Tel Aviv lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2001, níbi tí èèyàn 21 ti kú, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́langba, di sójà ọ̀la nìyẹn. Lápá kejì ẹ̀wẹ̀, lóṣù Kẹwàá 2023, lẹ́yìn tí Hamas, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso Gásà nígbà náà, kọlu gúúsù Ísírẹ́lì lọ́jọ́ keje oṣù náà, Ààrẹ Ísírẹ́lì, Isaac Herzog, sọ fún àwọn oníròyìn pé gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà lọ́hùn-ún ní Gásà ló jẹ̀bi, pé irọ́ ni pé àwọn ará ìlú kò mọ̀ sí i. Ó padà ṣàlàyé pé òun kò ní kí wọ́n máa pa ará ìlú. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ṣàlàyé. Wọ́n ní ṣebí Gásà ló dìbò fún Hamas. Oṣù Kìíní 2006 ni ìbò yẹn. Ìdajì àwọn tó ń gbé Gásà lónìí, díẹ̀ ló kù, kò tíì pé ọdún 18. Wọn kò tíì dáyé lọ́jọ́ ìbò.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ: kò sí aláìṣẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn oníwàásù wa pàápàá ń sọ fún wa lọ́jọọjọ́ Ìsinmi pé gbogbo èèyàn ló ti ṣẹ̀. Òfin ogun kò bá wọn dé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Àfikún òfin Geneva ti 1977 sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ gùn: ẹnikẹ́ni tí kò bá sí lára àwọn ọmọ ogun ni civilian; bí ìyèméjì bá wà, ká kà á mọ́ àwọn tí kì í ṣe ológun; bó bá gbé ìbọn jà, ìwọ̀n ìgbà tó fi ń jà nìkan ni ààbò rẹ̀ fi kúrò. Kò béèrè ẹni tó dìbò fún, kò béèrè orin tó ń kọ, kò béèrè bóyá inú rẹ̀ dùn nígbà tí wọ́n ń pa ọmọ aládùúgbò. Aláìmoore lè jẹ́ ẹ, abẹnugan burúkú lè jẹ́ ẹ, kò di ohun pípa. Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn gbọ́dọ̀ gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà mọ́ra.

Èmi fara mọ́ “ará ìlú”. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ó ti pọ̀ jù lẹ́nu, pé ó tún ń jẹ́ gbogbo gbòò. Àmọ́ ẹ wo àwọn aládùúgbò méjèèjì tí ọ̀rọ̀ ń ṣe. Lárúbáwá ń sọ madanī, láti ara madīna, ìlú. Hébérù ń sọ ezrah, ọmọ onílùú. Ọ̀rọ̀ tí olúkálukú wọn fi ń sunkún òkú tirẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Ará ìlú ni ẹni tó wà nílùú, ológun ni ẹni tó wà ní ibùdó. Òṣìṣẹ́ oko ará Thailand tí wọ́n pa ní ẹ̀bá Gásà lọ́jọ́ keje oṣù Kẹwàá 2023 kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, ìlú ni wọ́n ti bá a, kì í ṣe ibùdó.

(Ká má tan ara wa jẹ ṣá. Bí ẹ bá ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ yìí ní sẹpẹ́, ẹ rántí ogun tiwa. Nígbà tí Ìjàyè fọ́ ní 1862, kò sẹ́ni tó dúró yọ ará ìlú sọ́tọ̀. Ẹni tí ọwọ́ bá bà di ẹrú.)

Ohun kan tó tẹ̀ lé e: bí a bá ti ní ọ̀rọ̀ náà, ká má fi fọ́n bí iyọ̀. Iye òkú tí Ilé Iṣẹ́ Ìlera Gásà ń kéde, tó ti lé ní 67,000 nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá 2025, kò ya ológun sọ́tọ̀ kúrò lára ará ìlú. Ẹni tó bá kọ “ará ìlú 67,000” ti bu tirẹ̀ mọ́ ọn. “Èèyàn” ni kó kọ, kó wá fi kún un pé obìnrin àti ọmọdé pọ̀ nínú wọn gidi. Bákan náà ni ti nǹkan bí 1,200 tí Hamas àti àwọn tó bá wọn lọ pa ní gúúsù Ísírẹ́lì. Ó lé ní 800 nínú wọn tó jẹ́ ará ìlú, àwọn yòókù jẹ́ sójà, ọlọ́pàá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dín ọ̀ràn náà kù. Ó lé ní 360 èèyàn tí wọ́n pa níbi àríyá orin Nova nìkan.

Ó wá ku ohun kan tí kò sí nínú ìbéèrè àbúrò wa, tó sì ṣe mí léṣe jù. Èmi náà ka ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lóṣù Kẹrin 2024, mo kà á pé òṣìṣẹ́ aṣèrànwọ́ méje pàdánù ẹ̀mí wọn nínú ìkọlù ojú òfurufú ní Deir al-Balah. Ìròyìn World Central Kitchen ni, àwọn tó ń pín oúnjẹ, ọkọ̀ mẹ́ta. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo yà lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ládùúgbò wa. Ó ń pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, “Mo gbọ́ ẹ láàárọ̀. O ní wọ́n pàdánù ẹ̀mí. Ṣé ẹ̀mí ti ń jábọ́ lápò èèyàn báyìí ni?” Mo ní, “Ìyá, bí a ṣe ń kà á nìyẹn.” Ó ní, “Ta ló pa wọ́n?” Mo ní ológun Ísírẹ́lì ni, àwọn fúnra wọn gbà pé àṣìṣe ni, wọ́n lé ọ̀gá méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ó so ewé náà, ó nà án sí mi. “Ó ò wá sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo délé, mo kó àwọn ìwé tí mo ti kà jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò sàmì sí wọn. Ojú tì mí. “Hamas pa èèyàn 1,200.” Ìlà kejì: “Ẹ̀mí 300 ṣòfò ní Gásà.” Ìyẹn ni pé lápá kan apànìyàn wà, lápá kejì ẹ̀mí kàn ń ṣòfò fúnra rẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀. Mo gbọ́ ilé iṣẹ́ rédíò mìíràn tó yí i padà: “Ísírẹ́lì ń pa wọ́n ní ìpakúpa”, ti ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá wá di “ìṣẹ̀lẹ̀ tó wáyé”. Òkú wa ni wọ́n pa, òkú tiwọn ló kú. Ẹ̀yin onímọ̀ gírámà, ẹ mọ̀ jù mí lọ pé Yorùbá kò ní ibi tí òyìnbó ń sá pamọ́ sí nínú was killed. Bí a bá pa èèyàn, a gbọ́dọ̀ rí ẹni tó pa á, kódà bó jẹ́ “wọ́n” lásán la rí. “Wọ́n pa á” ti jẹ́wọ́ pé ọwọ́ kan ló ṣe é. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá àlùmọ̀kọ́rọ́yí kiri: pàdánù ẹ̀mí, ẹ̀mí ṣòfò, bá ìkọlù lọ. Ẹnì kan tilẹ̀ pe ogun náà ní “gbọ́nmi-si-omi-ò-to”. Gbọ́nmi-si-omi-ò-to! Bí ẹni pé alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ń jà.

Orúkọ àwọn èèyàn náà ńkọ́? “Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì” nínú ìròyìn ń fa Mósè àti Òkun Pupa lọ́wọ́ wá, etí Yorùbá kò lè ṣe kó má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ “ará Ísírẹ́lì”, ká sì rántí pé ẹnì kan nínú márùn-ún wọn, ní ìdíwọ̀n, jẹ́ Lárúbáwá. Lápá kejì, àwọn álífáà wa ń sọ “Filasitínì”, ó sì tọ̀nà, bí Lárúbáwá ṣe pè é nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí díákónì kan sọ fún mi pé “àwọn Filísítínì yẹn, ṣebí Dáfídì ti bá wọn yanjú ẹ̀”. Ó rò pé ìbátan Gòláyátì ni wọ́n. Ìwàásù Sámúsónì ní Gásà ti parí nínú rẹ̀ kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀. “Ará Palẹsítínì” ni kí àbúrò wa máa lò, kò ní í fa Gòláyátì wọlé.

Hostage. Àbúrò wa ń kọ “àwọn tí wọ́n jí gbé”. Kò burú. Àwọn ará Ísírẹ́lì fúnra wọn ń sọ hatufim, àwọn tí wọ́n já gbà lọ. Ibẹ̀ ni gbàgede tí àwọn ẹbí wọn ń péjọ sí ní Tel Aviv ti gba orúkọ rẹ̀. Àmọ́ jíjí gbé kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹni náà gbà. Ọ̀rọ̀ òfin ní Hébérù ni ben aruba, “ọmọ ìdógò”. Lárúbáwá ní rahīna, láti ara rahn, ohun tí a fi dúró fún gbèsè. Nígbà tí mo tò wọ́n síra ni mo rántí pé àwọn baba wa ní in: àmúyá. Àwọn kan ń pè é ní èmú. Bí ará Abẹ́òkúta bá jẹ oníṣòwò Ìjẹ̀bú ní gbèsè tí kò san, olówó lè lọ dúró sójú ọ̀nà, kó mú ará Abẹ́òkúta yòówù tó bá ń kọjá, kó dè é mọ́lẹ̀ títí wọn yóò fi san án. Ẹni tí wọ́n mú kò jẹ gbèsè kankan. Ìlú tó ti wá nìkan ni wọ́n rí wò lára rẹ̀.

Ẹ wá fi wo àwọn 251 tí wọ́n kó lọ sí Gásà. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án wà nínú wọn. Ìyá ẹni ọdún 85 wà nínú wọn. Gbèsè wo ni ọmọ oṣù mẹ́sàn-án jẹ? Mo dúró lórí àmúyá.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kútọnu ti ta kò mí tẹ́lẹ̀ pé ohun tí àṣà gbà láàyè ni àmúyá jẹ́, pé ọ̀rọ̀ náà á fún ìwà náà ní òórùn òfin. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Hostage òyìnbó náà ti gba òfin rí. Ọba ń fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti fi dúró fún àdéhùn, kò sì sẹ́ni tó pè é lọ́ràn. Òfin Geneva ti 1949 ló wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo dè é pa. Ọ̀rọ̀ kò kú, ìwà ló di ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nínú tèmi ni pé àwọn ọmọ wa kò mọ àmúyá mọ́. A ó máa kọ “àwọn tí wọ́n mú ní àmúyá” títí yóò fi yé wọn.

Ẹ má sì jẹ́ ká pe àwọn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ wọn ní orúkọ tí kì í ṣe tiwọn. Lóṣù Kọkànlá 2023, wọ́n dá ẹni 105 sílẹ̀ láti Gásà, Ísírẹ́lì dá ará Palẹsítínì 240 sílẹ̀. Ìròyìn wa ní “pàṣípààrọ̀ ẹlẹ́wọ̀n”. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn 240 yẹn jẹ́ obìnrin àti ọ̀dọ́langba tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi, àwọn kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ láìsí ẹ̀sùn kankan. Ẹlẹ́wọ̀n ni ẹni tí adájọ́ ti gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí, ará àhámọ́ ni wọ́n.

Lórí terrorist, mi ò ní pẹ́. “Agbésùnmọ̀mí” ti gbilẹ̀ nítorí Boko Haram, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwà ni kí ẹ fi lé lórí, kì í ṣe ẹ̀yà. Bí pípa ará ìlú láti fi dẹ́rù ba àwọn yòókù bá jẹ́ ìwà agbésùnmọ̀mí ní Be'eri, ìletò gúúsù Ísírẹ́lì tí Hamas ya wọ̀ lọ́jọ́ keje oṣù Kẹwàá, bẹ́ẹ̀ náà ni Goldstein ní Hebron. Ìjọba Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀ kéde ẹgbẹ́ Kach tó ti wá bíi ti agbésùnmọ̀mí ní 1994. Bẹ́ẹ̀ náà ni Irgun, ẹgbẹ́ Júù tó ń bá ìjọba òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì jà nígbà náà, tó fi bọ́ǹbù wó apá kan Òtẹ́ẹ̀lì King David ní Jerúsálẹ́mù ní oṣù Keje 1946, tí èèyàn 91 kú, òyìnbó, Lárúbáwá àti Júù. Menachem Begin tó jẹ́ olórí wọn di olórí ìjọba ní 1977. Àwọn tó ń pè é ní ajìjàgbara wà, bí àwọn tó ń pe Hamas bẹ́ẹ̀ ṣe wà. Kí wọ́n máa pè é ní ẹnu tiwọn; ẹ̀yin, ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́.

Genocide, “ìpẹ̀yàrun”. Raphael Lemkin, amòfin ọmọ Poland, ló dá ọ̀rọ̀ òyìnbó náà sílẹ̀ ní 1944, kò tíì tó 100 ọdún, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bú wa pé a ń hùmọ̀ ọ̀rọ̀. Ìṣòro tèmi wà lára “run”. Ohun tó run ti tán pátá létí Yorùbá. Ẹnì kan sì ti bi mí pé, “Ṣebí wọ́n ṣì kù, báwo ló ṣe wá di ìpẹ̀yàrun?” Àdéhùn àgbáyé ti 1948 lórí ọ̀ràn yìí kò sọ pé kí wọ́n tán, èrò láti pa wọ́n run, gbogbo wọn tàbí apá kan wọn, ló mẹ́nu bà. Gúúsù Áfíríkà gbé Ísírẹ́lì lọ sí Kóòtù Àgbáyé ní Hague lọ́jọ́ 29 oṣù Kejìlá 2023, Ísírẹ́lì ní irọ́ ni, kóòtù kò tíì dájọ́ ìkẹyìn. Nínú ìròyìn, “ẹ̀sùn ìpẹ̀yàrun” ló tó. Nínú àpilẹ̀kọ tí ẹ fi orúkọ yín sí, ẹ kọ ohun tí ẹ gbàgbọ́.

Mo ní ọ̀kan tí n kò rí yanjú. Lóṣù Kejì 2023, lẹ́yìn tí ará Palẹsítínì kan yìnbọn pa ọmọ ìyá méjì tó jẹ́ Júù ní Huwara, ìlú àwọn ará Palẹsítínì ní Ìwọ̀-oòrùn Odò Jọ́dánì, àwọn Júù tó ń gbé àwọn ìletò orí òkè tó yí ibẹ̀ ká ya wọ ìlú náà lálẹ́, wọ́n dáná sun ilé àti ọkọ̀. Ọ̀gágun Yehuda Fuchs, ará Ísírẹ́lì, pè é ní pogrom, ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà tí àwọn Júù fi ń rántí bí èrò ṣe máa ń ya lu àwọn baba wọn, tí wọ́n á máa pa wọ́n, tí wọ́n á sì máa dáná sun ilé wọn. Ìròyìn tiwa ní “rògbòdìyàn”. Rògbòdìyàn kọ́, nítorí apá kan ṣoṣo ló gbé iná dání. Àwọn tó wọ ìlú náà gan-an ńkọ́? Hébérù ń pè wọ́n ní mitnahalim, láti ara nahala, ogún ìní: ajogún ni wọ́n ka ara wọn sí. “Àtìpó” kò ṣe é lò, nítorí àtìpó mọ̀ pé òun á lọ. “Olùtẹ̀dó” fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu, àfi pé ẹni tó tẹ ìlú dó lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ṣófo ló bá, oríkì rẹ̀ la ń kì. Èyí tó bá ń bẹ lọ́wọ́ yín, ẹ fi ránṣẹ́.